Bí Ìṣirò Ìjọba Ṣe Ń Wá Òṣùwọ̀n Kan: Ọ̀ràn Etí-Ọ̀sà àti Lekki

Àwọn baba wa tí wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìjọba yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí yóò fẹ́ mọ orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ olúkúlùkù. Ọdún 1866, nígbà tí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, àrómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, ti bọ́ sábẹ́ òyìnbó, ni a ti ka ènìyàn níbẹ̀. Láti 1871 títí di 1931 ó di ohun ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ní 1947 ni ìjọba amúnisìn dá iléeṣẹ́ ìṣirò sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, òfin 1957 sì fún un lágbára láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Agbára àtibéèrè wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo abéèrè yóò gbà kò tíì sí. A wọ́gi lé ìkànìyàn 1962, a jiyàn lórí ti 1963 títí ẹnu fi kan, a sì da ti 1973 nù.

Ti 2006 ni ó kan àwa ará Èkó jù. Àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní ènìyàn 9,113,605 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀, lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, gbé kíkà tirẹ̀ jáde, ó ní 17,552,942. Ní Etí-Ọ̀sà, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòyí tí ó sì gba Lekki dé Ajah, àjọ rí 287,785, Èkó rí 983,515, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó bá rò pé ojúsàájú nìkan ni ó fà á, kí ó wo Ìbẹjú-Lekki tí ó múlé tì í: ibẹ̀ ni àjọ ti rí 117,481, tí Èkó tí ń ké pé a dín òun kù sì rí 99,540 péré! Ní ọjà Ajah, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìrẹsì ìyá kan pọ̀ ju ti èkejì lọ a kọ́kọ́ wo ìdí kóńgò àwọn méjèèjì, bóyá a ti lù ú wọnú. Àwọn tí ń jà ní 2006 kò wo ìdí kóńgò rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí a kò tíì kọ́ parí lẹ́bàá òpópónà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí mẹ́gáàdì kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀. Ṣé a ó kọ nọ́ńbà sára ògiri rẹ̀ bí ilé, àbí a ó fò ó? Bí ọkọ bá sùn sí abúlé lálẹ́ ọjọ́ ìkànìyàn ńkọ́? Akànìyàn tí a kò bá fún ní ìdáhùn kan pàtó yóò dá tirẹ̀. Àwọn ará Maroko, àdúgbò kan ní Etí-Ọ̀sà, pàápàá, tí a wó ilé wọn ní oṣù Agẹmọ 1990, tí àwọn kan nínú wọn sì kó lọ sí Ìlàsàn àti Ìkota, ti fọ́n ká kí ìkànìyàn 1991 tó dé bá wọn.

Nítorí irú ìṣòro kíkà báyìí ni ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń bójú tó ọrọ̀ ajé Yúróòpù ṣe la iṣẹ́ ìṣirò sí ipele mẹ́jọ, láti orí ohun tí a fẹ́ mọ̀ dé orí àyẹ̀wò iṣẹ́ tí a ti ṣe, nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní GSBPM, tí wọ́n tún ṣe ní 2013 àti 2019. Ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe owó ọjà ni a ń kà, ipele kan náà ni. Ní ilé wa, òfin 2007 fi NBS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ṣe olùdarí ìlànà fún gbogbo iléeṣẹ́ tí ń ṣe ìṣirò ìjọba.

Ní 2023, NBS gba òṣùwọ̀n àjọ àgbáyé tí ó wà fún iṣẹ́: ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ kì í ṣe aláìríṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ogún wákàtí ni tẹ́lẹ̀. Iye aláìríṣẹ́, tí ó jẹ́ ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní òpin 2020, wá di 5.3 fún òpin 2022. Àwọn ènìyàn bínú. Ní tèmi, NBS kò ṣẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá to nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ní ti ìkànìyàn, ọ̀rọ̀ kò tíì tán: ní 2013, ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ìkànìyàn fagi lé iye tí a kà ní 2006 ní ìjọba ìbílẹ̀ 14 ní Èkó, ó ní kí a tún un kà. Ìkànìyàn tí à bá ṣe ní 2023 ni a sún síwájú. Ààlà pàápàá kò dọ́gba: 20 ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀ ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ ti dá agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún un láti 2003, tí Ajah bọ́ sí Etí-Ọ̀sà Ìlà-Oòrùn, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba àpapọ̀, Ajah àti Ìkòyí ṣì wà lórí ìlà kan náà.