Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì Kọ́ Ni Àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà

Ọ̀nà Àgbádárìgì ni àwọn ilé-ìwé wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò máa ń kó ọmọ gbà bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fojú rí ìtàn. Wọn á fẹsẹ̀ rin etí ọ̀sà, afinimọ̀nà á wà níwájú, títí wọn á fi dé ilé ẹgbẹ́ mísọ́nnárì CMS. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá níbẹ̀ kì í yí padà: èyí ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845; inú rẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọn á sì gbé e wọ yàrá ìdánwò.

Ilé náà yẹ lóhun à á bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àkọ́kọ́ rárá.

Ní 1824 ni Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé Kánò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ilé gíga alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nínú ààfin ibẹ̀, wọ́n sì ní fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélógún rèé kí ti Àgbádárìgì tó parí, àwọn ilé tó sì bá níbẹ̀ kì í ṣe ilé àná. Àwọn kan á ní ilé alámọ̀ kò kà. Èé ṣe? Bí mo bá gun àtẹ̀gùn, tí mo dúró lórí àjà, tí ẹlòmíràn ń gbé ìsàlẹ̀, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo wà. Ẹni tó bá ní amọ̀ kò kà ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ àwọn mọlémọlé Hausa rẹ́, inú sì ń bí mi sí i.

Bó bá jẹ́ irú ti Òyìnbó lẹ ń wí, ẹ wo Kàlàbá. Ní 1843, wọ́n ti fi irin ṣe ààfin alájà ní Liverpool fún Ọba Eyamba Karùn-ún, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ 1842 náà kò dúró dáadáa. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Henry Townsend, mísọ́nnárì CMS, kọ́kọ́ gba Àgbádárìgì kọjá. Abẹ́òkúta ló ń lọ wò, ó sì padà sí Sàró. Oṣù Kìíní 1845 ni òun àti àwọn mísọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀, Gollmer àti Crowther, tó wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ta ló ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níbi tó kàn yà sí?

Ti Bíbélì wá ńkọ́? Ní 1846 ni Crowther ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850. Odidi Bíbélì kò pé títí di 1884, nígbà tó ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù fún ogún ọdún. Bó bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nínú ilé yìí, iṣẹ́ nǹkan bí ogójì ọdún ni, òun àti àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n sì jọ ṣe é. Kí ló dé tí a fi fẹ́ dín in kù sí yàrá kan?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má dá ìrìn àjò náà dúró. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ilé mísọ́nnárì tí CMS kọ́ ní 1845 ni wọ́n ń wò, kí ẹ sì dárúkọ Kánò àti Kàlàbá fún wọn níbẹ̀.