Ògiri Ààfin Àgbómẹ̀ àti Ìtàn Àwa Nàgó

Ní oṣù kejì ọdún 2022, a ṣí ìpàtẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 ní ilé ìjọba Marina ní Kútọnu. Ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds ni ó kó wọn lọ ní 1892. Ilẹ̀ Faransé sì dá wọn padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti kó wọn jáde yẹ ní wíwò pẹ̀lú, pàápàá fún àwa tí a ń sọ èdè Nàgó.

Ilẹ̀ ààfin Àgbómẹ̀, tí ìwé ìjọba ń pè ní Abomey, fẹ̀ tó hẹ́kítà 47. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba ibẹ̀ ni ó kọ́ ilé tirẹ̀ ti ilé baba rẹ̀. Nígbà tí ogun Faransé súnmọ́ tòsí ní 1892, Behanzin fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ kí a ti iná bọ̀ ọ́. A tún ti Guezo (1818–1858) àti ti Glele (1858–1889) ṣe, a sì sọ wọ́n di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1943.

Amọ̀ ni a fi mọ ògiri rẹ̀, ìpele lórí ìpele. Òrùlé rẹ̀ ga ní àárín, ó sì sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń wọlé níláti tẹrí ba. Koríko ni a fi bò ó kí páánù tó dé. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ ọba nìkan: òun ni kì í jẹ́ kí òjò na àwọn àwòrán ara ògiri.

Àwọn àwòrán náà ni ọkàn ilé yìí. A ó gbẹ́ ojú ògiri wọnú ní igun mẹ́rin, a ó fi amọ̀ ọ̀gán tí a fi epo pupa pò mọ àwòrán sínú rẹ̀, a ó sì fi aró ewé àti ti òkúta kùn ún. Efọ̀n dúró fún Guezo, kìnnìún fún Glele. Ẹni tí ó mọ ìtàn yóò kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé.

Kí wá ni Nàgó yóò kà níbẹ̀? Yóò rí jagunjagun Dàhòmì tí ń ṣẹ́gun àwọn ènìyàn rẹ̀. Guezo ni ó kọ̀ láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ mọ́. Ní 1886, Kétu bọ́ sọ́wọ́ ogun Glele. Òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá lé Guezo padà ní Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n sì lé Glele bákan náà ní 1864. Ta ni yóò retí kí ọba ya ìsá ara rẹ̀ sára ògiri ààfin? Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá mú àwòrán wọ̀nyí wá síwájú àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí ìtàn ẹnu àwọn ará Kétu jókòó tì wọ́n.

Díẹ̀ ni ó kù kí àwọn àwòrán náà parẹ́. Ìjì líle ba ààfin jẹ́ ní 1984. Ní 1985, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé, ó sì fi í sára èyí tí ó wà nínú ewu títí di 2007. Ní 1988, a yọ àwòrán 50 kúrò lára ògiri ilé Glele. Láti 1993 sí 1997, àwọn òṣìṣẹ́ ilé Getty ti Amẹ́ríkà àti àwọn ará Benin jùmọ̀ tọ́jú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.