Àrùn Méjì Lábẹ́ Orúkọ Kan: Ìsoríkọ́ àti Arán

Láti Ìlógbò-Èkìtì títí dé Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ mọ́, tí oúnjẹ kò sì wù ú jẹ, gbólóhùn kan ni àwọn ará ilé sábà máa ń sọ: "Baba ti ń ṣarán." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìtàn ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé àrùn méjì ló lè fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yìí, ọ̀kan nínú wọn sì gbóògùn.

Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé J. C. Carothers jáde, nínú èyí tí oníṣègùn náà ti sọ pé ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi wó. Dókítà Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell wọ ìlú àti abúlé lọ láti wádìí. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé àmì ìsoríkọ́ wà láàrin Yorùbá dáadáa.

Ní ti arán, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ló ṣíwájú: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ẹni tí a bí ní 1935. Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà kò kàwé, wọ́n ń bi ìbátan wọn náà léèrè nípa ìṣesí wọn. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú n'Ìbàdàn, ìdá 3.24 ni ti Indianapolis. Arán, nígbà náà, kì í ṣe ìpín gbogbo arúgbó.

Láàrin 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àgbà 2,152 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, Èkìtì sì wà nínú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi méje ni ìsoríkọ́ ti bá jà láàrin ọdún kan tó ṣáájú.

Àrùn méjèèjì fara kọ́ra. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú máa ń gbàgbé nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò sí nídìí ohun tó ń ṣe. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, iyè rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń ráhùn pé òun ń gbàgbé, nígbà tí ẹni tí arán ń bá jà lè má mọ̀ rárá. Síbẹ̀, nígbà mìíràn ìsoríkọ́ ni àmì àkọ́kọ́ arán. Ní 2017, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ìsoríkọ́ ọjọ́ ogbó mọ́ àwọn ohun tó ń mú kí ewu arán pọ̀ sí i.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, nítòsí Ìlógbò. Kí a tó dájọ́ arán fún òbí tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ rí i. Ogbó kò ní oògùn, ṣùgbọ́n ìsoríkọ́ ní.