Nígbà tí Ìpolówó Bá Tú Àṣírí Ìtàn: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́wò Fíìmù láti Ọdún 1913

Ìfáàrà

Ẹni tó ń ta ẹmu kì í kọ̀ kí oníbàárà tọ́ ọ wò. Ó lè bu díẹ̀ sínú igbá fún un kí ó lè mọ̀ bóyá ẹmu náà ti kan tàbí ó ṣì dùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́mu tí yóò gbé odidi akèrègbè lé ẹni tí kò tíì sanwó lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń tà ti tán kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nípa àwọn fíìmù kúkúrú tí àwọn olùṣefíìmù máa ń gbé jáde láti fi polówó fíìmù ńlá tí kò tíì jáde. Nínú iṣẹ́ yìí, ìtọ́wò fíìmù ni a ó máa pè é. Bí a bá pè é ní orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ẹlòmíràn lè rò pé tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni à ń sọ. Ibì kan náà ni orúkọ méjèèjì kúkú ti wá: ohun tó ń tẹ̀ lé òmíràn lẹ́yìn.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lọ tí àwọn òǹwòran ń fi kan ìtọ́wò fíìmù ni pé ó máa ń sọ ju bó ti yẹ lọ. Kí ènìyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti mọ ẹni tí yóò kú, ẹni tí yóò là á já àti ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti tọpa bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ìdí tí àwọn tó ń ta fíìmù fi ń ṣe é, kí a sì fi ojú ọgbọ́n ìsọ̀tàn Yorùbá wò ó bóyá lóòótọ́ ni ó ń ba ìtàn jẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ìdárayá lásán fún àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ìṣòro kan náà wà nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ wa.

Bí Ìtọ́wò Fíìmù ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1913 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn sinimá máa ń tọ́ka sí. Ní ọdún náà, Nils Granlund, ẹni tó ń mójú tó ìpolówó fún àwọn ilé sinimá Marcus Loew ní New York, ṣe fíìmù kúkúrú kan láti fi polówó The Pleasure Seekers, eré olórin tí wọ́n fẹ́ gbé sórí ìtàgé ní Broadway. Àwòrán ibi tí àwọn òṣèré ti ń ṣe ìgbáradì ni ó lò. Ẹ kíyè sí i pé eré orí ìtàgé ni ìtọ́wò yìí polówó, kì í ṣe fíìmù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn tí fíìmù bá parí ni wọ́n máa ń fi ìtọ́wò hàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn máa ń dìde lọ bí fíìmù bá ti parí, wọ́n gbé e wá síwájú. Orúkọ kò yí padà.

Ní 1919 ni ilé-iṣẹ́ National Screen Service bẹ̀rẹ̀ ní New York. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ìtọ́wò fún fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, kí ó sì pín in fún àwọn ilé sinimá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà. Èrò tiwa ni pé ibí yìí ni gbòǹgbò ìṣòro náà wà: ẹni tó ń gé ìtọ́wò kì í ṣe ẹni tó sọ ìtàn. Olùdarí fíìmù lè lo ọdún kan gbáko láti ronú ibi tí òǹwòran yóò ti mọ òtítọ́. Ẹni tó ń ṣe ìpolówó kàn ń wá ibi tó dùn jù láti gé ni, ibi tó sì dùn jù nínú ìtàn, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ibi tí a fi àṣírí pamọ́ sí.

Àwọn olùdarí kan wà tí kò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orson Welles kò fi apá kankan nínú ìtàn Citizen Kane (1941) sínú ìtọ́wò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni a ń gbọ́ bí ó ti ń fi àwọn òṣèré hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Alfred Hitchcock ni ọ̀gá wọn nínú ọgbọ́n yìí. Ìtọ́wò tí ó ṣe fún Psycho ní 1960 ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn kiri ilé àti ilé ìtura tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, bí ìgbà tí baálé bá ń mú àlejò wo ilé. Ó dé ibi àtẹ̀gùn, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti kọlu ẹnì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó dá ọ̀rọ̀ dúró lágbedeméjì bí ẹni pé kò ṣe é fẹnu sọ. Ó dé ilé ìwẹ̀, ó ní wọ́n ti nu gbogbo rẹ̀ mọ́. Lójijì, ó fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obìnrin kan sì figbe ta.

Ẹni tó bá wo èyí yóò rò pé Hitchcock ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n obìnrin tó figbe ta níbẹ̀ kì í ṣe Janet Leigh, ẹni tí ọ̀ràn náà dé bá nínú fíìmù. Vera Miles ni, tí wọ́n dé irun mìíràn sí lórí. Ohun tí kò sí ẹni tó retí ni pé obìnrin tí gbogbo ènìyàn kà sí olú ẹ̀dá ìtàn yóò kú kí fíìmù tó dé ìdajì, ohun náà sì ni ìtọ́wò fi bò. (Ẹni tí kò tíì wo fíìmù náà kí ó dárí jì wá, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.) Hitchcock tún ṣe òfin pé kí ilé sinimá má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà láìsọ nǹkan kan, ó mọ ohun tó ń tà.

Ọjà Ńlá àti Ẹnu Tí Kò Dákẹ́

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni owó. Ní 1975, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Universal gbé Jaws jáde, wọ́n ná nǹkan bí 700,000 dọ́là lórí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n nìkan, wọ́n sì ṣí fíìmù náà ní ilé sinimá tó lé ní 400 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ di ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ pàdánù. Fíìmù kò ní àǹfààní mọ́ láti máa tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu. Ẹni tó ń polówó ní láti dá ìdánilójú sílẹ̀ lọ́kàn oníbàárà kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, ohun tó sì ń dáni lójú jù ni ohun tí a ti rí.

Àpẹẹrẹ kan tó ń dunni ni Terminator 2 tí James Cameron darí ní 1991. Nínú fíìmù ti ọdún 1984, apànìyàn ni ẹ̀rọ tí Arnold Schwarzenegger ṣe. Nínú èkejì yìí, Cameron to ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn lọ́nà tí ẹni tó wo ti àkọ́kọ́ yóò fi máa bẹ̀rù Schwarzenegger. Àwọn ọkùnrin méjì ń wá ọmọdé kan; a kò mọ ẹni tó fẹ́ gbà á là nínú wọn títí wọ́n fi pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìpolówó ti sọ fún gbogbo ayé ṣáájú pé Schwarzenegger ti di aláàbò. Nǹkan bí ìdajì wákàtí tí a fi hun àdììtú náà di asán, bí ìgbà tí ẹni tí a pa àlọ́ fún ti mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n tó ń fi ara balẹ̀ nítorí ìwà ọmọlúàbí.

A gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé kì í ṣe gbogbo olùdarí ni ó ń bínú sí èyí. Ìtọ́wò Cast Away (2000) fi hàn pé ọkùnrin tí Tom Hanks ṣe, tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já sínú òkun, yóò kúrò ní erékùṣù náà, yóò sì tún fojú kan obìnrin tí ó fi sílẹ̀ nílé. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀sùn kan Robert Zemeckis tó darí rẹ̀, ó ní àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọjà ti rí i pé gbogbo nǹkan ni àwọn òǹwòran fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó sanwó. Àwọn olólùfẹ́ sinimá paraku nìkan ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi wé ilé oúnjẹ McDonald's, tí oníbàárà ti mọ bí oúnjẹ yóò ṣe rí lẹ́nu kí ó tó wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí fọ́ apá kan nínú àlàyé tí a ṣe lókè, nítorí asọ̀tàn fúnra rẹ̀ ni ó ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ń tajà.

Àwọn onímọ̀ náà kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì ní yunifásítì California ní San Diego, Leavitt àti Christenfeld, fún àwọn ènìyàn ní ìtàn kúkúrú 12 láti kà. Wọ́n sọ òpin ìtàn fún àwọn kan ṣáájú, wọ́n kò sọ fún àwọn yòókù. Àwọn tí wọ́n sọ fún ni ó gbádùn ìtàn náà jù. Ní 2015, Johnson àti Rosenbaum ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì bá pàdé.

Àlọ́ Àpamọ̀ àti Àlọ́ Àpagbè

Ó jọ wá lójú pé àríyànjiyàn yìí ìbá ti rọrùn bí wọ́n bá mọ ìyàtọ̀ tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́. Oríṣi àlọ́ méjì ni ó wà. Bí a bá sọ ìdáhùn àlọ́ àpamọ̀ kí a tó pa á, kò sí àlọ́ mọ́. Ti àlọ́ àpagbè kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti gbọ́ ìtàn Ìjàpá nígbà mẹ́wàá mọ̀ dájú pé ojú yóò ti Ìjàpá, síbẹ̀ òun ni yóò tún bẹ ìyá àgbà pé kí ó pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, tí yóò sì fi ohùn òkè gbe orin. Adùn rẹ̀ wà nínú bí a ṣe ń pa á.

Bí Dúró Ládípọ̀ ṣe gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963, ta ni kò mọ ìtàn Ṣàngó láàrin àwọn tó wá wò ó? Orúkọ eré náà gan-an ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó sì tún ń jiyàn lé e lórí. Kò sí ẹni tó ní wọ́n tú àṣírí fún òun. Àwọn ènìyàn wá láti gbọ́ bí Ọba yóò ṣe sọ̀rọ̀ àti bí ìlù yóò ṣe dún nígbà tí ọwọ́ ìyà bá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde ní ẹnu ọ̀nà tó sọ orúkọ ọ̀daràn inú ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ti jalè. Fíìmù Cameron ní àlọ́ àpamọ̀ nínú, ti Hitchcock náà ní i. Ti Zemeckis ní méjèèjì: bóyá ọkùnrin náà yóò dé ilé jẹ́ àpamọ̀, ohun tí yóò bá nílé jẹ́ àpagbè. Ìdí nìyẹn tí a fi lè gbà pé ó jàre díẹ̀, kì í ṣe tán pátápátá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí ní Amẹ́ríkà. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn onílé sinimá ibẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ìtọ́wò má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìtọ́wò Terminator Genisys tún tú àṣírí ńlá kan nípa John Connor, Alan Taylor tó darí fíìmù náà sì sọ ní gbangba pé inú òun kò dùn sí i. Kíkúrú ìtọ́wò kò ní kí ó má tú àṣírí. Gbólóhùn kan ti tó.

Nílé Tiwa

Àwọn eléré arìnrìn-àjò wa máa ń gun ọkọ̀ kiri ìlú lọ́sàn-án, wọn a máa lùlù, wọn a máa fi gbohùngbohùn pe àwọn ènìyàn fún eré alẹ́. Díẹ̀ ni wọ́n ń sọ nínú ìtàn; ariwo àti ijó ni wọ́n fi ń ṣe ìtọ́wò. Nígbà tí fíìmù orí fídíò dé, tí wọ́n sì ń pín ìtàn sí apá kìíní àti apá kejì, ìparí apá kìíní ni wọ́n sábà máa ń ti fi díẹ̀ hàn nínú apá kejì. Láìmọ̀, wọ́n dá ìtọ́wò padà sí ẹ̀yìn fíìmù, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra apá kejì irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí, tí mo sì rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo ti wò lọ́fẹ̀ẹ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi wí jù. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ti fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní Ta L'ó Pa Ọmọ Ọba? tí Kọ́lá Akínlàdé kọ. Ó kọ àhunpọ̀ ìtàn sójú pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dárúkọ ẹni tó pa ọmọ ọba. Ọmọbìnrin kan tó wà níwájú mi ti ṣí ìwé tirẹ̀ sí ojú ewé kìíní. Ó rọra pa á dé. N kò lè bá akẹ́kọ̀ọ́ náà wí, nítorí bí a ṣe kọ́ ọ láti kọ ètò ẹ̀kọ́ ni ó ṣe kọ ọ́: kókó ìtàn ṣáájú, kíkà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn kíláàsì, mo ní kí ó dán an wò ní kíláàsì kejì, kí ó dúró ní orí kẹta, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tí wọ́n fura sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago lù, àwọn ọmọ kò dìde. Orúkọ ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n ti kọ sójú pátákó, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹnì karùn-ún.