Láti Orí Gbẹ́rẹ́ dé Orí Abẹ́rẹ́

Bí ibà bá mú ẹlòmíràn ní ilẹ̀ wa lónìí, abẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí dókítà bá kọ oògùn oníhóró fún un, yóò ní wọn kò tọ́jú òun. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gba ọ̀dọ̀ olóògùn àdúgbò lọ, níbi tí wọn yóò ti gún un lábẹ́rẹ́ láìyẹ ara rẹ̀ wò. Níbo ni ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ti wá? Ìtàn ni yóò dá wa lóhùn.

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé oògùn lè gba ara awọ wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́. Ìmọ̀ tí ó jọ èyí wà ní àwọn ibòmíràn ní ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ẹrú kan láti ilẹ̀ Adúláwọ̀, Onesimus, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, àlùfáà Cotton Mather, bí a ṣe ń mú ọyún lára ẹni tí ìgbóná ń bá jà, tí a sì ń fi í sí ojú ọgbẹ́ kékeré lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nígbà tí ìgbóná jà níbẹ̀ ní 1721, Dókítà Zabdiel Boylston dán an wò. Nínú àwọn tí ó ṣe é fún, nǹkan bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí àrùn náà kọlù fúnra rẹ̀, nǹkan bí mẹ́rìnlá ni. Ní 1796, Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo ti màlúù, èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àjẹsára ti gbilẹ̀, títí tí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ oníhò dé lẹ́yìn èyí. Francis Rynd lo irú rẹ̀ ní Dublin ní 1844. Ní 1853, Alexander Wood ti Edinburgh so ó mọ́ síríǹjì. Ìrora ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í lé. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní Toronto, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa, ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ó tún lo ọdún mẹ́tàlá láyé. Ta ni kò ní gba abẹ́rẹ́ gbọ́ lẹ́yìn irú èyí?

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣe oríṣi kan. Inú awọ gan-an ni a ń fi àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ọmọ tuntun sí. Abẹ́ awọ ni ti ínsúlíìnì. Inú ẹran apá, itan tàbí ìdí ni ọ̀pọ̀ mìíràn ń lọ. Òmíràn sì ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé tààrà. Ẹni tí kò mọ ojú ibi tí ó ń gún lè ba iṣan ńlá tí ó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, kí ọmọ tí ibà lásán mú sì di arọ.

Ti Íjíbítì jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Láti bí ọdún 1950 sí ọdún 1980 ó lé díẹ̀, ìjọba ibẹ̀ ń gún àwọn ará oko lábẹ́rẹ́ léraléra láti wo àtọ̀sí ajá. Iṣẹ́ rere ni wọ́n gbèrò. Ṣùgbọ́n síríǹjì kan náà ni wọ́n ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kò sì sè é dáadáa. Bí kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú C ṣe tàn ká nìyẹn, tí Íjíbítì fi di ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà pọ̀ sí jù lọ láyé. Oògùn oníhóró ni ó padà rọ́pò abẹ́rẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè: ta ni ó fẹ́ gún mi? Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ṣé ojú mi ni a ti tú síríǹjì yìí? Ṣé oògùn oníhóró kò lè ṣe é? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ pàápàá kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.