Iná Abẹ́ Eérú

Kí ni ká pe inflammation ní Yorùbá? Ẹ sọ fún ìyá tó ń bó obì gbànja ní Ṣágámù pé ara wíwú ló jẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́: ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ̀ wò. Kò jẹ̀bi. Wíwú lojú ń rí. Nínú hepatitis, ẹ̀dọ̀ náà ń wú, ìdí nìyẹn tí orúkọ mẹ́dọ̀wú fi bá a mu. Ṣùgbọ́n inflammation tí àwọn oníṣègùn ń sọ pé ó lè mú ìsoríkọ́ wá kì í hàn sójú. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń ja ìjà tí kò tán, tí ìránṣẹ́ wọn ń bá ẹ̀jẹ̀ gòkè dé ọpọlọ. Oògùn interferon tí wọ́n ń fi tọ́jú mẹ́dọ̀wú irú C tẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó tú àṣírí rẹ̀: ó ń ru ọmọ ogun wọ̀nyẹn sókè, ọ̀pọ̀ tó gbà á sì sorí kọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sorí kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń bá a lára.

Ká wá pè é ní ìgbóná? Ṣọ̀pọ̀ná ti gba ìyẹn tipẹ́. Iná lásán ńkọ́? Iná làwọn ará Róòmù fi sọ ọ́, àmọ́ Yorùbá tó bá gbọ́ pé iná wà lára òun, aṣọ ni yóò tú wò, kó fi èékánná pa á.

Iná abẹ́ eérú ni mo fara mọ́. Kò rú èéfín, kò jó lala, ó sì gbóná. Àìsùn a máa koná mọ́ ọn.

Àìsàn tí Òyìnbó ń pè ní depression wá ńkọ́, ṣé ìrẹ̀wẹ̀sì ni ká pè é? Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì, «mọ́kàn le» la ń sọ fún un, bíi pé kò sí àìsàn níbẹ̀. Ìsoríkọ́ sàn jù, torí ara wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ tí kò sùn ní oríta Ṣágámù, «ara mi ò yá» ni yóò wí. Ní 1987 Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí: nǹkan ń rìn lórí aláìsàn, etí rẹ̀ ń hó, ìsoríkọ́ tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ló sì sábà ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn, ẹ dán «iná abẹ́ eérú» wò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìyá olóbì bá tún ń fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́.