Ibùba

Ibi tí ọdẹ ń lúgọ sí de ẹran ni à ń pè ní ibùba. Nínú ọ̀rọ̀ HIV, kòkòrò apa sójà ara, ibùba ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí kòkòrò náà wọ̀, tó sì dákẹ́ sí. Oògùn ojoojúmọ́ kì í jẹ́ kó pọ̀ sí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè má rí i mọ́. Ṣùgbọ́n oògùn kì í ran èyí tó ń sùn. Bí aláìsàn bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó sábà máa ń yọjú padà.

Àwọn olùwádìí kan fẹ́ jí kòkòrò tó ń sùn yìí kí wọ́n lè pa á. Àwọn mìíràn fẹ́ tì í mọ́bẹ̀ kó má jí láéláé. Ti Timothy Ray Brown, ọkùnrin kan tó ní HIV, ló wú mi lórí jù. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é ní Berlin tí wọ́n fi fún un ní sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ láti ara ẹlòmíràn ní 2007. Sẹ́ẹ̀lì ẹni yẹn kò ní CCR5, ojú ọ̀nà tí HIV sábà máa ń gbà wọlé. Kòkòrò náà kò padà mọ́ títí jẹjẹrẹ fi pa Brown ní 2020. Ó dùn mí pé ìtọ́jú yẹn léwu ju ohun tí a lè ṣe fún ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ lọ.